Nítorí Kílò Mẹ́fà

Eyín mẹ́ta ni àbúrò ìyàwó mi fi òòlù gbá dànù lẹ́nu mi. Òòlù tèmi gan-an ni o, èyí tí mo fi ń wá oúnjẹ òòjọ́ mi. Mi ò fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ọlọ́pàá, mi ò sì ní fi sùn. Bí ẹ bá ka ọ̀rọ̀ mi dé ìsàlẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin náà sọ pé mẹ́ta ti kéré jù.

Pánẹ́ẹ̀bítà ni mí. Mọ́tò tó bá forí sọ òpó, tí ara rẹ̀ rún wómúwómú, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń wọ́ ọ wá. Ìyàwó mi ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní eré ìdárayá. Òun fúnra rẹ̀ máa ń bá wọn sáré yí pápá ká láàárọ̀, àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún á sì máa mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, panápaná ni. Fẹ́lẹ́ là ń pè é, torí kò sí ẹran lára rẹ̀ rárá.

Ọdún tó kọjá, èmi àti ìyàwó mi fẹ́ ra mọ́tò. Ọ̀kan ṣoṣo lagbára wa ká. Èmi ń wá èyí tí màá fi gbádùn ara mi, òun ń wá èyí tí yóò máa gbé e lọ síbi iṣẹ́. Ọkùnrin tó ń ta mọ́tò ní àwọn méjì kan wà lọ́gbà òun tó lè ṣe méjèèjì.

Àkọ́kọ́, pupa. Ó kéré, ó rẹlẹ̀, aṣọ ni wọ́n fi bo orí rẹ̀, ìjókòó méjì péré ló ní. Gbogbo ohun tí kò bá ti wúlò fún eré sísá, wọn ò fi síbẹ̀. Ìkejì, aláwọ̀ eérú. Òun náà kéré, òun náà ń sáré, ṣùgbọ́n ó ní òrùlé gidi, bùútù rẹ̀ ń gba ẹrù, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì nípọn. Ó fi igba kílò wúwo ju pupa lọ.

"Pupa yìí ni," mo ní. "Wo bó ṣe fúyẹ́. Téèyàn bá tẹná báyìí, fìà!"

"Ṣé fìà ló máa bò mí lórí nígbà òjò?" ìyàwó mi bi mí. "Níbo lẹ fẹ́ kí n kó bọ́ọ̀lù mẹ́rìnlá sí? Ṣé orí itan ni?"

Ọkùnrin tó ń ta mọ́tò bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Aláwọ̀ eérú la rà.

Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ dé ọwọ́ rẹ̀, ó yíjú sí mi. "Ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, èmi ni mo ni ín. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ̀yin lẹ ni ín. Ẹ fi sáré bó ṣe wù yín, mi ò ní bi yín. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣe gbé e lé yín lọ́wọ́ ni kí ẹ ṣe gbé e padà fún mi. Ṣé a ti gbọ́ra wa yé?"

"A ti gbọ́ra wa yé," mo ní.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn.

Oṣù kejì kò tíì pé tí Fẹ́lẹ́ fi lọ ra mọ́tò pupa yẹn. Kò níyàwó, kò ní bọ́ọ̀lù tó fẹ́ kó, òjò kì í sì í ba panápaná lẹ́rù.

Pápákọ̀ òfurufú àtijọ́ kan wà lẹ́yìn ìlú wa, tí bàálù kì í balẹ̀ sí mọ́. Àwa bí ogún la máa ń pàdé níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta láti sáré mọ́tò. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Fẹ́lẹ́ já mi sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún já mi sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti sọ̀kalẹ̀, ó ti ń mu omi, kí n tó dé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrìn o!" ó pariwo kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Ṣé àga pálọ̀ yín lẹ kó sínú mọ́tò ni, àbí ẹ gbé ìyá mi sẹ́yìn?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹnu lásán nìyẹn o. Nínú mi lọ́hùn-ún, ó ń ṣe mí bíi kí n fọ́ ọ lẹ́nu.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo fọ́ ọ. Níbi kọ́ńà tó kẹ́yìn, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi bọ́ńpà mi gbá ìdí mọ́tò rẹ̀. Mọ́tò pupa yí bírí lẹ́ẹ̀mejì, ó kó sínú koríko. Kí n tó dúró dáadáa, Fẹ́lẹ́ ti sáré dé, ó ti di kọ́là ẹ̀wù mi mú, ó ti fà mí jáde. Mo gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́, ètè rẹ̀ là. Òun náà gbá mi níkùn, mo bì sórí bàtà ara mi. Gbogbo wọn ló sáré wá là wá.

"Eré là ń ṣe, ẹ̀gbọ́n!" Fẹ́lẹ́ ń tu ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ fẹ́ pa mí nítorí eré?"

Nígbà tí ìyàwó mi gbọ́, kò pariwo. "Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ gbọ́n jù yín lọ," ó ní. Ó fún èmi ní yìnyín, ó fún àbúrò rẹ̀ náà, ó sì wọ yàrá lọ.

Ìjà parí, ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ mí nínú kò parí. Mi ò lè fi bọ́ńpà gbá a mọ́. Ohun tó kù ni kí mọ́tò mi fúyẹ́ bíi tirẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, màá yọ sípíà táyà. Lẹ́yìn èyí, mo tún yọ jáàkì. Nígbà tó yá, kápẹ́ẹ̀tì, fóòmù abẹ́ rẹ̀, ìjókòó ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Tí mo bá ti sáré tán lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, màá dá gbogbo rẹ̀ padà sáyè rẹ̀, màá gbá inú mọ́tò mọ́, ìyàwó mi kò sì ní mọ nǹkan kan. Síbẹ̀ Fẹ́lẹ́ ṣì ń ṣíwájú mi. Kò ju ìwọ̀nba ìgbà téèyàn fi ń sín lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ó ń ṣíwájú.

Ó wá ku irin.

Nínú ilẹ̀kùn mọ́tò, irin gbọọrọ kan wà tí ojú kì í rí. Bí mọ́tò mìíràn bá kọlù yín lẹ́gbẹ̀ẹ́, irin yẹn ni kì í jẹ́ kí ilẹ̀kùn wọlé bá ẹni tó jókòó. Ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ wa lè má mọ̀ pé ó wà. Èmi mọ̀. Mo ti yọ irú rẹ̀ tó ti tẹ̀ kọdọrọ lára mọ́tò tó ju ọgọ́rùn-ún lọ, tí ẹni tó wà á á dúró tì mí gbọin-gbọin, tí kò ní ju àpá kékeré lọ lára.

Mo mọ̀, mo sì gé e. Ti ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ni mo gé, torí pé mo sanra, ibi tí mo bá jókòó sí ni mọ́tò máa ń tẹ̀ sí. Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n. Kílò mẹ́fà ni. Mo tẹ awọ inú ilẹ̀kùn padà sáyè rẹ̀, kò sí àpá, kò sí ẹ̀rí. Mo ti irin náà sábẹ́ tábìlì iṣẹ́ mi.

"Lọ́jọ́ Ìsinmi ni màá jó o padà mọ́ ilẹ̀kùn," mo sọ fún ara mi.

Lọ́jọ́ kejì, mo ṣíwájú Fẹ́lẹ́. Wọ́n gbé mi sókè, wọ́n ń pariwo. Fẹ́lẹ́ fúnra rẹ̀ wá bọ̀ mí lọ́wọ́.

"Ẹ gbà á, ẹ̀gbọ́n. Kí lẹ ṣe sí i?"

"Ọwọ́ mi ló dáa," mo ní.

Ọjọ́ Ìsinmi dé. Mo ro ó pé bí mo bá jó o padà, màá tún gé e lọ́jọ́ Ẹtì. Kí ló dé tí màá fi ṣe iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì? Ọ̀sẹ̀ yẹn kọjá. Òmíràn kọjá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ìyàwó mi fi wa mọ́tò tí kò ní irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí mò ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí mò ń juwọ́ sí i láràárọ̀.

Ó kúkú fura lẹ́ẹ̀kan. Ó ti ilẹ̀kùn, ó ṣí i, ó tún un tì.

"Ilẹ̀kùn yìí ń dún wòrò bí agolo," ó ní. "Tẹ́lẹ̀, gbì ló máa ń dún."

"Rọ́bà etí rẹ̀ ló gbẹ."

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan sí i?"

"Kí ni mo fẹ́ ṣe sí i?"

"Ó dáa," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ kúkú mọṣẹ́." Ó kó bọ́ọ̀lù rẹ̀ sí bùútù, ó lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, aago mẹ́ta ọ̀sán kọjá díẹ̀. Tírélà kan tó kó búlọ́ọ̀kù ń bọ̀ láti orí òkè, bíréèkì rẹ̀ kọ̀, kò mú. Ìyàwó mi ti wọ oríta, iná sì ti fún un lọ́nà. Ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ni imú tírélà wọlé sí.

Nígbà tí wọ́n pè mí, ẹsẹ̀ ni mo fi sáré débẹ̀. Mo kọ́kọ́ rí àwọn bọ́ọ̀lù, wọ́n ti fọ́n káàkiri títì, ọ̀kan ń yí lọ díẹ̀díẹ̀ sínú kòtò. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ igbe rẹ̀. Mi ò gbọ́ irú igbe yẹn rí lẹ́nu èèyàn. Ilẹ̀kùn ti wọlé, ó ti lọ itan rẹ̀ mọ́ àárín mọ́tò, ẹ̀jẹ̀ ń kán láti abẹ́ rẹ̀ sórí ọ̀dà.

Àwọn panápaná ti dé ṣáájú mi. Fẹ́lẹ́ ló di ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sùn o!" ó ń kígbe sí i. "Ẹ wò mí! Èmi ni! Ẹ má sùn!"

Ó fi ẹnu ẹ̀rọ sí ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn là wẹ́rẹ́ bí ẹni gé aṣọ. Fẹ́lẹ́ dáwọ́ dúró. Ó wo ojú ibi tó gé. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀síwájú, wọ́n sì fa ìyàwó mi jáde. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn bíi pé kì í ṣe tirẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni dókítà pè mí sí kọ̀rọ̀. "Egungun ti rún kọjá títò," ó ní. "Tí a ò bá gé e, a máa pàdánù òun fúnra rẹ̀." Òkè orúnkún ni wọ́n ti gé e.

Nígbà tó lajú, mo rò pé yóò bi mí nípa ẹsẹ̀. Kò bi mí.

"Ṣé èmi ni mi ò tètè tẹ bíréèkì?" ó ní. "Mò ń ro ó. Ó ní láti jẹ́ pé mi ò tètè tẹ̀ ẹ́."

Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ yẹn ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni, "Onítírélà ni. Ọlọ́run á mú un."

Lọ́jọ́ kejì, awakọ̀ tírélà náà wá sí ọsibítù pẹ̀lú báńdéèjì lórí. Ó kúnlẹ̀ sí kọ́rídọ̀, ó ń bẹ̀ wá. Mo fi ẹsẹ̀ gbá a láyà, ó dojú bolẹ̀. Mo gun orí rẹ̀, mo ń lù ú ní ìkúùkù títí báńdéèjì fi tú, tí ẹ̀jẹ̀ fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Ó kàn ń sọ pé, "Ẹ dákun, sà, ẹ dákun." Nọ́ọ̀sì mẹ́ta ló fà mí kúrò. Mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ń sọ pé, "Ọkùnrin yìí mà fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ o." Mo jẹ́ kó sọ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ti wọ́ mọ́tò náà wá sínú ọgbà ibi iṣẹ́ mi. Àwọn ọlọ́pàá ní ọ̀gá tó ń yẹ mọ́tò wò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ìbẹ̀rù mú mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí ibi iṣẹ́ dá, mo fa irin yẹn jáde lábẹ́ tábìlì kí n lè jó o padà sínú ilẹ̀kùn.

Irin náà tọ́ gbọnrangandan. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tó ti rún, mo sì rí i pé ọmọdé pàápàá yóò mọ̀. Ilẹ̀kùn tẹ̀, irin inú rẹ̀ kò tẹ̀? Bí mo ṣe mú òòlù nìyẹn. Mo fi iná mú kí irin náà rọ̀, mo gbé e lé orí irin ńlá tí a fi ń lu nǹkan, mo ń lù ú, mo ń gbé e lọ sára ilẹ̀kùn wò, mo tún ń gbé e padà wá lù. Mo fẹ́ kó tẹ̀ bí ilẹ̀kùn ṣe tẹ̀. Ibi tí ilẹ̀kùn ti wọlé sí itan ìyàwó mi ni mò ń wọ̀n.

"Kí lẹ̀ ń lù?"

Fẹ́lẹ́ dúró lẹ́nu géètì. Mọ́tò pupa rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ariwo òòlù ni kò jẹ́ kí n gbọ́ ìgbà tó dé.

"Iṣẹ́ oníbàárà ni," mo ní.

"Lọ́jọ́ Ìsinmi?"

Ó wọlé. Ó wo irin, ó wo ilẹ̀kùn. Ó wò mí.

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń gé ilẹ̀kùn mọ́tò," ó ní. "Irin yìí ló máa ń dá wa dúró jù. Ìṣẹ́jú méjì, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò bá a pàdé. Mo rò pé Ọlọ́run ló ṣàánú wa. Mi ò rí oorun sùn láti ọjọ́ náà, mo ní kí n wá tún un wò." Ó gbé òòlù kúrò lọ́wọ́ mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ìgbà wo lo yọ ọ́?"

Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò fi "o" bá mi sọ̀rọ̀ rí.

"Ó ti pé oṣù kan," mo ní.

"Nítorí kí ni?"

"Kí n lè ṣíwájú rẹ."

"Kí o lè ṣíwájú mi." Ó tún un sọ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbìyànjú láti lóye rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi òòlù gbá mi lẹ́nu.

Mo gbọ́ nígbà tí eyín kán. Mo ṣubú lu tábìlì, irin gbígbóná náà já bọ́ sí mi lọ́wọ́, ọwọ́ mi sì bó. Ó fi orúnkún tẹ̀ mí láyà, ó gbé òòlù sókè, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé orí mi ló kàn. Mo di ojú. Mi ò gbé ọwọ́ sókè.

Kò lù mí. Ó dìde, ó jáde, mo sì gbọ́ tí gíláàsì fọ́. Mọ́tò pupa rẹ̀ ló ń fọ́. Ó fọ́ iná iwájú, ó fọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó lu ilẹ̀kùn rẹ̀ títí ó fi já, ó ń ké bí ọmọdé. Nígbà tí apá rẹ̀ kò gbé e mọ́, ó jókòó sílẹ̀ láàárín gíláàsì.

"Ìwọ lo máa sọ fún un," ó ní. "Lónìí. Tí mo bá bá a tí ò tíì mọ̀, màá padà wá parí iṣẹ́ mi."

Mo sọ fún ìyàwó mi ní ọsibítù, tòwúlì bo ẹnu mi, ẹ̀jẹ̀ ń kán sí àyà mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí sípíà táyà. Kò sunkún, kò bú mi. Ìgbà tí mo dákẹ́, ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Kílò mélòó ni irin náà?"

"Mẹ́fà."

Ó kọjú sí ògiri.

Lọ́jọ́ Ajé, mo fi gbogbo rẹ̀ han ọ̀gá tó wá yẹ mọ́tò wò náà, àti ilẹ̀kùn, àti irin. Ó ya fọ́tò wọn, ó kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, ẹjọ́ sì ń dúró dè mí. Mo lọ bẹ awakọ̀ tírélà. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú, mo sì mọ̀ pé mo yẹ bẹ́ẹ̀.

Mi ò ní kí ẹ má ra mọ́tò asáré o. Ẹ rà á bí ó bá wù yín. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó fúyẹ́, ẹ ra èyí tó fúyẹ́, kí ẹ sì máa nìkan jókòó sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹlòmíràn bá gbà láti bá yín lo ọ̀kan, ẹ má ṣe lọ sí kọ̀rọ̀ kí ẹ máa yọ ohun tó ń dáàbò bò ó díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa fi ẹ̀rín kí i ní òwúrọ̀. Ohun tí mo ṣe nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ keje ni wọ́n dá ìyàwó mi sílẹ̀ ní ọsibítù. Ilé Fẹ́lẹ́ ló ń lọ. Ó ránṣẹ́ sí mi pé kí n gbé irin náà wá. Mo bá a lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù, Fẹ́lẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, kò wo ojú mi.

"Ẹ gbé e lé mi nítan," ìyàwó mi ní. Ó ṣì ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń bá ẹni tí wọn ò mọ̀ rí sọ̀rọ̀ ni.

Mo gbé e lé orí itan rẹ̀, lórí èyí tó kù àti èyí tí wọ́n gé. Ó fi ọwọ́ kan gbé e sókè. Ó mú un dání sókè bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Kò tiẹ̀ wúwo," ó ní, ó sì sọ fún àbúrò rẹ̀ pé kó máa ti òun lọ.